Lùkúlùkú 1918 àti Àrùn Eku 1924: Ìgbéléwọ̀n Ọwọ́ tí Ìjọba fi Mú Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ìlú tí omi yí ká ni, tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí láti ọ̀nà jíjìn, ibi tí ọjà sì ń gbà wọlé náà ni àrùn ń gbà wọlé. Nígbà tí àwọn òpìtàn bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ ìjọba lórí irú àjálù bẹ́ẹ̀, iye òkú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Bí òkú bá pọ̀, wọn a ní ìjọba kùnà. Bí ó bá mọ níwọ̀n, wọn a ní ìjọba gbìyànjú. Òṣùwọ̀n yìí rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n kò péye. Ní ọdún 1918, kò sí dókítà kan ní gbogbo ayé tí ó ní oògùn lùkúlùkú lọ́wọ́. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà lára ènìyàn. London àti New York pàápàá sin òkú lọ́pọ̀ yanturu ní ọdún náà. Bí ó bá jẹ́ iye òkú nìkan ni a ó fi dájọ́, kò sí ìjọba tí yóò jàre.

Nítorí náà, ìbéèrè mìíràn ni iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀. Kí ni ìjọba amúnisìn mọ̀ kí àrùn tó dé Èkó? Kí ni ó fi ìmọ̀ náà ṣe? Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì kan ilẹ̀kùn àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ló dé tí àwọn onílé fi gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, òun náà sì ni àkọsílẹ̀ ìjọba kì í fẹ́ dáhùn. Àwọn ìjòyè òyìnbó tí ó kọ ìròyìn nípa àrùn náà kọ ọ́ bí ẹni tí ó ń ròyìn ìwà òmùgọ̀ àwọn ará ìlú. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó sá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ohun tí ojú wọn ti rí ṣáájú nìkan ni ó kù tí ó lè gbẹnu sọ fún wọn.

Oṣù kan kí àrùn tó dé

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1918, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HMS Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí ara wọn kò yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìlú náà ti dàrú. Láti ibẹ̀ ni àrùn náà ti bá ọkọ̀ òkun rìn dé etíkun Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Ghana lẹ́yìn náà. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ Cape Coast àti Accra. Ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ni ọkọ̀ SS Bida ti Gold Coast dé èbúté Èkó, lára àwọn èrò inú rẹ̀ ni a sì ti kọ́kọ́ rí àrùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí Mantua dé Freetown títí di ọjọ́ tí Bida dé Èkó, ó ku ọjọ́ kan kí ó pé oṣù kan gbáko. Abẹ́ ìjọba kan náà ni Freetown, Accra àti Èkó wà. Wáyà abẹ́ òkun ti so àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìròyìn fi lè ti ọ̀kan dé èkejì kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. A kò lè sọ pé ìjọba Lugard kò ní ọ̀nà tí ì bá fi gbọ́.

Ẹni tí yóò bá dájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ gba ti ìjọba náà rò. Ogun Àgbáyé kìíní kò tíì parí. Ó di oṣù kọkànlá ọdún náà kí ìbọn tó dákẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ìjọba ni ogun ti gbà lọ. Ọkọ̀ tí ń kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ dúró. Lékè gbogbo rẹ̀, òfin àwọn èbúté kò ka lùkúlùkú mọ́ àwọn àrùn tí a ń torí wọn dá ọkọ̀ dúró. Ìgbóná àti ibà pọ́njú ni wọ́n ń ṣọ́nà fún. Àwíjàre wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, a lè tún òfin ṣe láàárín ọjọ́ kan nígbà tí ìjọba bá fẹ́, nítorí pé nígbà tí àrùn náà ti wọ ìlú tán, ìjọba kan náà ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, ó sì ń yẹ èrò ọkọ̀ ojú irin wò. Ohun tí ó ṣeé ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 14 kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe ṣáájú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí a kàn

Nígbà tí àrùn náà gbilẹ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó káàkiri láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ wọn ni láti wá aláìsàn rí, láti kó o lọ sí ibi ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n sì da oògùn apakòkòrò sí ilé rẹ̀. Lójú ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní Marina, ètò tí ó dára ni. Lójú àwọn ará Ìdúmọ̀tà, Ẹnu Ọwá, Òkè Pópó àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nǹkan mìíràn ni. Agboolé ni wọ́n ń gbé. Aláìsàn kì í dá sùn ní agboolé. Ìyá, ìyàwó, àbúrò àti ọmọ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń se àgbo fún un, tí wọ́n ń fi omi pa á lára. Kí àjèjì wá gbé e lọ sí ibi tí ẹbí kò lè dé, kí ó sì kú síbẹ̀ láìrí ojú ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n, ìtìjú ni fún gbogbo ìdílé.

Àwọn ènìyàn fi aláìsàn pamọ́. Nígbà tí ìfipamọ́ kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n sá. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú lọ. Àwọn mìíràn kọjá sí Ìddó, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tí ìjọba fi ń yangàn, tí ó ti dé Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà tí ó sì ti dé Kánò ṣáájú ọdún 1913, òun ni ó gbé àrùn náà wọ àárín ilẹ̀. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti àwọn ìlú òkè ọya gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó nìkan, àwọn tí àkọsílẹ̀ ìjọba kà lókùú lé ní 1,000. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìṣirò tí àwọn òpìtàn ń lò jù lọ ni bí 500,000 ènìyàn nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ì bá kú bí àwọn ará Èkó bá dúró sí ilé wọn. Ohun tí ó dájú ni pé ètò tí a ṣe láti há àrùn mọ́ ni ó lé àwọn ènìyàn jáde, tí àrùn sì bá wọn lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi sá? Àwọn ìjòyè òyìnbó ní àìmọ̀kan ni. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ni lọ́rùn, nítorí pé kì í ṣe aláìmọ̀wé nìkan ni ó bẹ̀rù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ẹkòló, yóò sá. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ ìjọba yìí tipẹ́. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako ó. A ó kíyè sí i pé oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ ànfààní omi mímọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀hónú wọn ni pé kànga ti tó àwọn ará ìlú lò, àti pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò kọ́kọ́ ṣe láǹfààní, ṣùgbọ́n àpò aláwọ̀ dúdú ni wọn ó ti mú owó rẹ̀. Nígbà tí omi Ìjù dé ní tòótọ́, tí owó rẹ̀ sì di dandan ní ọdún 1916, ìlú tún gbóná. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 1918 gan-an, oṣù méjì péré kí lùkúlùkú tó dé, ọmọ ogun ìjọba pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ẹ̀gbá nínú Ogun Adùbí lórí ọ̀rọ̀ owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ni ó ní ẹbí ní Ẹ̀gbá. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà dé ẹnu ọ̀nà ní oṣù kẹsàn-án, tí ó ní ire ni òun bá wá, wọn kò gbà á gbọ́.

Ibi tí ìjọba kò ti rí ìgbọ́kànlé gbà, ẹlòmíràn rí i. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan tí J. B. Ṣadárè ṣáájú wọn kó ara wọn jọ fún àdúrà nígbà àrùn náà. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, kéde pé a ti fi hàn òun pé omi òjò ni ìwòsàn. Inú ẹgbẹ́ náà ni ọ̀kan lára àwọn gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà ti hù. Omi òjò kò pa kòkòrò lùkúlùkú, èyí dájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún wọn ní omi náà jókòó tì wọ́n, kò sì gbé ọmọ wọn lọ.

Àrùn eku àti àwọn wolé-wolé

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn lùkúlùkú, àrùn mìíràn tún kanlẹ̀kùn, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fi ara hàn ní Gold Coast. Ní oṣù kẹta ọdún 1924, àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi. Ní oṣù keje, a rí i ní Èkó. Eégbọn ara èkúté ni ó ń gbé àrùn náà ran ènìyàn. Kókó a wú sí abẹ́ abíyá tàbí ojú ara, ibà a gbóná, ní ìgbà náà sì ni, ẹni tí ó bá kó o kì í sábà yè. Àrùn yìí kò yára bíi lùkúlùkú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí di nǹkan bí ọdún 1930, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ní Èkó.

Ìyàtọ̀ wà nínú ọwọ́ tí ìjọba fi mú èyí, ó sì yẹ kí a yìn ín níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Ó jẹ́ kí ọmọ ìlú ṣe iṣẹ́ náà. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò òṣìṣẹ́ àgbà ètò ìlera ìlú Èkó. Òun ni ó sọ iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé di ohun tí ó létò: pípa èkúté, dídí ihò, kíkó ààtàn, yíyẹ ọkọ̀ wò ní èbúté. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó Yábàá, tí ó ń kọ́ àwọn wolé-wolé ní iṣẹ́, sì gba agbára lábẹ́ rẹ̀. Wolé-wolé tí ó ń sọ èdè ìlú, tí ó mọ bí a ti ń kí ìyá àgbà ní ìkúnlẹ̀ kí ó tó wo kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, yàtọ̀ sí òyìnbó tí ọlọ́pàá tẹ̀ lé.

Kì í ṣe pé àwọn wolé-wolé náà di ọ̀rẹ́ aráàlú. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Èkó yóò rántí ariwo tí ó máa ń sọ ní agboolé bí a bá tajú kán rí wọn: ìkòkò omi tí a kò bò, tí tanwíjí bá wà nínú rẹ̀, sámáǹsì ni. Àwọn kan nínú wọn sì mọ bí a ti ń sọ sámáǹsì di owó àpò. Ṣùgbọ́n a lè bá wọn jà, a lè bẹ̀ wọ́n, a lè fi ẹjọ́ wọn sùn. Àwọn ènìyàn kò sá kúrò nílùú nítorí wọn bí wọ́n ti sá ní ọdún 1918.

Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́, ó fi ọwọ́ òsì wó o. Ní àárín àjàkálẹ̀ àrùn yìí gan-an, ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, ìjọba rọ Ẹ̀ṣúgbàyí Ẹlẹ́kòó lóyè, ó sì lé e kúrò ní Ìga Ìdúngánràn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ náà pín Èkó sí méjì. Herbert Macaulay àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní London. Ó di ọdún 1931 kí Ẹlẹ́kòó tó padà wọ Ìga. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, ìjọba ń bẹ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún òun, nígbà tí ó ti ti ilẹ̀kùn ọba wọn mọ́ ọn síta. Kò sí ìwé ìròyìn ìlera kan tí ó ka èyí mọ́ ọ̀ràn àrùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ti Ìga jáde, tàbí tí àwọn olóyè onífìlà funfun kò bá fọwọ́ sí, kì í rìn jìnnà ní àdúgbò náà.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí àrùn náà di àwáwí fún. Ní ọdún 1928, ìjọba ṣe òfin ìlànà ìlú, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti wó àwọn àdúgbò tí wọ́n ní ó há jù tí ó sì dọ̀tí jù. Òkò Awo wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wọn bà. Òótọ́ ni pé ilé há ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Òótọ́ ni pé èkúté pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí àwọn ilé há? Ní òdì kejì ìsàlẹ̀ omi tí Gómìnà MacGregor gbẹ́, Ìkòyí gbalasa sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀. Àrùn kọjá lọ, LEDB kò lọ. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ kan náà gbé ètò ńlá kalẹ̀ láti wó àárín Èkó, àwọn ará Nàìjíríà fúnra wọn sì ti wà nínú ìjọba nígbà náà. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní onílé lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà, ní iye tí ó ju èyí tí a san fún un lọ. Ìwádìí tí Peter Marris ṣe, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé oníṣòwò pàdánù oníbàárà, àgbà pàdánù ọmọ tí ń gbọ́ bùkátà, agboolé sì túká. Ibi tí a ti ń wá èkúté, ilé ni a bá lọ.

Òṣùwọ̀n kan náà lórí ìjọba tiwa

Bí òṣùwọ̀n yìí bá tọ́ fún òyìnbó, ó tọ́ fún ọmọ ìlú. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan, Patrick Sawyer, gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń yan iṣẹ́ lódì lásìkò náà; ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Améyọ̀ Stella Adadevoh, tí í ṣe àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay, kọ̀ láti dá a sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Babátúndé Fáṣọlá àti ìjọba àpapọ̀ rán òṣìṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, bíi ti ọdún 1918: àwọn tí a tọpa wọn fẹ́rẹ̀ tó 900, àbẹ̀wò tí a ṣe sí wọn sì tó nǹkan bí 18,500. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà, 8 kú. Ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ilẹ̀kùn kan náà ni a kàn, àwọn ènìyàn sì ṣí i, nítorí pé ẹni tí ó kàn án ń padà wá lójoojúmọ́ láti wo bí ara onílé ti rí, ó sì ń sọ ohun tí ó ń wá. Oríire tún wà níbẹ̀: bí Adadevoh bá ti jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ ni, a kì bá máa yin ìjọba lónìí.

Ọdún 2020 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ni a fìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kòrónà múlẹ̀. Ìjọba gbé ibi ìyàsọ́tọ̀ kalẹ̀ kíákíá ní pápá ìṣeré Oníkàn, èyí sì dára. Ní òpin oṣù kẹta, a ti Balógun àti Ìdúmọ̀tà pa. Láti alẹ́ ọjọ́ 30, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ jáde láìnídìí pàtàkì. Alábàárù, ìyá alátẹ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń jẹun láti inú ohun tí ó rí lójúmọ́ ni ó pọ̀ jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìpínlẹ̀ ṣèlérí oúnjẹ fún ìdílé 200,000 nínú ìlú tí olùgbé rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ agboolé ni kò rí nǹkan kan. A kò kó aláìsàn wọn lọ bíi ti 1918, ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n jókòó sílé, a kò sì béèrè ohun tí wọn yóò jẹ. Ìsémọ́lé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tí a kó jọ síbẹ̀. Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ńláńlá ni ó kó oúnjẹ náà wá, àti pé ètò pínpín rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́.